Ohun tó Wà Nínú Abọ́ Ìyá Kíṣìnì

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ní oṣù kọkànlá, agogo méje ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Yìnyín ń bọ́ lójú ọ̀run Coolock, àdúgbò kan ní ilẹ̀ òyìnbó, ó ń lu gíláàsì fèrèsé kíláàsì wa bí ẹni pé àwọn kan dúró síta tí wọ́n ń sọ wá lókùúta wẹ́wẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni afẹ́fẹ́ ti gbá ilẹ̀kùn àbáwọlé ṣí kí ẹnìkan tó fi àga tì í. Mo kọ ọjọ́, wákàtí àti ojú ọjọ́ sí orí ìwé mi, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ wa ní kí a máa ṣe, èmi sì jẹ́ ẹni tó máa ń ṣe ohun tí wọ́n bá ní kí ó ṣe. Ẹ̀yin ọmọ wa tí a bí sí ìlú yìí, tí ẹ óò ka ìwé yìí lọ́jọ́ kan, ẹ fi gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn sọ́kàn.

Kíláàsì àwọn àgbàlagbà tó fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń kọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ni. Àwa mọ́kànlá ni. Èmi ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan, mo sì máa ń wọ bọ́ọ̀sì wá láti Ballymun lẹ́yìn iṣẹ́, pẹ̀lú pẹ́ńsùlù méjì tí mo ti gbẹ́ láti ilé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, olùkọ́ wa, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sójú pátákó: starve.

Ó ní kí a sọ ohun tó túmọ̀ sí. Gbogbo wa dáhùn pé ebi ni. Ó mi orí. Ó ní ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò mọ ebi rí. Ikú ni ó ń jẹ́, ikú èyíkéyìí, ti idà tàbí ti orí ibùsùn. Nígbà tó yá, ní ibì kan ó di ikú òtútù, ní ibòmíràn ó di ikú ebi, títí ebi fi borí ìyókù. Lóde òní, ó ní, a ń lò ó fún igi tí oòrùn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, fún iná tí afẹ́fẹ́ kò dé ìdí rẹ̀, fún ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò gbé mọ́ra, a sì ń lò ó fún ẹni tó kàn ń dúró de oúnjẹ alẹ́.

Noreen gbé ọwọ́ sókè. Ìyá àgbà ni, tí wọ́n bí sí òpópónà kejì sí ilé-ìwé náà, tó wá kọ́ bí yóò ṣe kọ ìtàn ayé rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Ìyá ìyá mi á ti inú òjò wọlé, á ní òun ti starve. Òtútù ló ń sọ. Iná ló ń wá, kì í ṣe oúnjẹ. Bí o bá gbé búrẹ́dì fún un ní àkókò yẹn, á sọ ọ́ lù ọ́ lórí."

"Ṣé ó sọ ọ́ lù ọ́ rí?" ni ọkùnrin awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó jókòó tì í bi í.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré. I was grand, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Búrẹ́dì ọjọ́ náà rọ̀."

A rẹ́rìn-ín. Mo to ìlò ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ sínú ìwé mi, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. Mo ń ronú nípa Tẹ̀mi, ọmọ mi obìnrin, tó máa ń ti ilé-ìwé wọlé lọ́sàn-án, tí á ṣí press, bí wọ́n ṣe ń pe kọ́bọ́ọ̀dù ní ìhín, tí á sì wí pé, "Mum, I'm starving." Ìrẹsì á wà nílẹ̀, ẹyin á wà, búrẹ́dì oríṣi méjì á wà. N kò bá a wí rí. Ohun tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ nìyẹn.

Nígbà náà ni páìpù omi gbígbóná tó yí ilé náà ká bẹ̀rẹ̀ sí í dún: gán-ún, gán-ún, gán-ún. Irin ń lu irin. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ ọ̀tún mi ti gbéra kúrò lórí tábìlì, ó ti dì bí ẹni pé ọ̀pá kan wà nínú rẹ̀. Olùkọ́ ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ó ní kí olúkúlùkù wa lọ kọ ojú ìwé díẹ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ohun tí mo kọ nìyí. Èdè wa ni mo kọ́kọ́ fi kọ ọ́, kí n má baà ṣìsọ.

Ilé-ìwé àwọn obìnrin ni, ní ìlú kan ní Òkè-Ògùn tí n kò ní dárúkọ. A ń gbé inú ọgbà ni. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni a fi ń rí ilé. Ilẹ̀ ibẹ̀ pupa débi pé aṣọ funfun wa kì í funfun ju ọ̀sẹ̀ kìíní lọ. Igi máńgòrò ńlá mẹ́rin ló wà láàárín ọgbà, kíṣìnì wà lẹ́yìn wọn, èéfín igi ìdáná sì máa ń gba inú ewé wọn kọjá ní òwúrọ̀ bí ìgbà tí igi fúnra rẹ̀ ń mí. Bí mo bá ní kí n sọ òórùn ìgbà èwe mi, èéfín yẹn ni, àti ọṣẹ dúdú, àti abọ́ tánganran tí ẹ̀wà ṣẹ̀ṣẹ̀ tán nínú rẹ̀.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé ibi ìrọ̀rùn ni. Wọ́n ń nà wá. Ọ̀gá àgbà ń fi kòbókò nà wá, àwọn olùkọ́ ń fi pàṣán nà wá, àwọn Sẹ́níọ̀, ìyẹn àwọn tó wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn, sì máa ń fi ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ wọn nà wá. Ẹni tó bá pẹ́ dé ibi ìpéjọ á kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ títí òkúta náà á fi wọ eékún rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ń kọrin bí a bá ń pọn omi, a ń di irun fún ara wa lábẹ́ máńgòrò, a sì ń rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń nà wá nítorí ẹ̀rín.

Èmi ni alágogo. Agogo wa kì í ṣe agogo gidi. Irin àgbá táyà ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n fi okùn so kọ́ sí ẹ̀ka máńgòrò, ọ̀pá irin kan sì wà tí mo fi ń lù ú. Wọ́n yàn mí nítorí pé n kì í pẹ́, n kì í sì í yá jù. Ọ̀gá àgbà gbé aago ọwọ́ kan fún mi, aago ọkùnrin tó ń yọ̀ lọ́wọ́ mi, ni mo bá fi òwú dì í mọ́ ọrùn ọwọ́. Ní agogo márùn-ún òwúrọ̀, gbogbo ilé-ìwé ń ṣépè fún mi. Ní àkókò oúnjẹ, n kò ní ọ̀tá kankan.

Ọ̀rẹ́ mi ni Àṣàkẹ́. Kì í gbé inú ọgbà. Ó ń ti ilé wá ni, nítorí pé ìyá rẹ̀ ló ń dáná fún wa. Ìyá Kíṣìnì ni a ń pe ìyá náà, obìnrin gíga tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó máa ń fi ìró rẹ̀ wé àyà kí iná má baà mú un. Àṣàkẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní èjí, ó sì máa ń fi ọwọ́ bo ẹnu bí ó bá ń rẹ́rìn-ín. A jọ ń jókòó lórí àga kan. Kò sí ẹni tó mọ Gẹ̀ẹ́sì tó o nínú kíláàsì wa. Òun ló ń tún àròkọ mi ṣe kí n tó gbé e fún olùkọ́. "Gbólóhùn rẹ gùn bí ọ̀nà oko," ni ó máa ń wí fún mi. "Já a sí méjì, kí ènìyàn lè rí ibi sinmi." Títí di òní, bí olùkọ́ mi ní Coolock bá fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn mi, mo máa ń gbọ́ ohùn Àṣàkẹ́.

Àṣà kan wà ní kíṣìnì náà tó ti wà kí a tó dé. Ìrẹsì tàbí ẹ̀wà tó bá jó mọ́ ìdí ìkòkò, ẹni tó sè é ló ni ín. Bí a bá ti bu oúnjẹ tán, Ìyá Kíṣìnì á dojú ìkòkò kọ oòrùn, á fi ṣíbí irin ha ìdí rẹ̀, á kó ohun tó bá jáde sínú abọ́ tánganran kan tó ní ọmọrí, á sì gbé e lọ sílé. Oúnjẹ òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ẹni tó ń bi í léèrè, gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni kò ṣe ń bi alágbàfọ̀ léèrè omi ọṣẹ tó kù.

Nínú abọ́ yẹn ni Àṣàkẹ́ ti máa ń fún mi. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, á fi ewé wé díẹ̀, á wá bá mi ní ẹ̀yìn ilé ìkóhunsí. Ó máa ń le bí awọ, ó máa ń korò díẹ̀, adùn rẹ̀ sì wà nínú ìkorò yẹn. "Jẹ ẹ́ kíá," ni á wí. "Kí o sì má rẹ́rìn-ín fún ẹnikẹ́ni títí o ó fi fọ ẹnu. Eyín rẹ dúdú bí èédú."

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Òjò pọ̀ ní àsìkò náà, odò kún, ó sì gbé afárá tó wà lójú ọ̀nà ìlú wa lọ. Ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ wá kò lè kọjá. Ọ̀gá àgbà sọ èyí fún wa ní ibi ìpéjọ òwúrọ̀, ó ní kí a ní sùúrù. Lẹ́yìn mi ni Sẹ́níọ̀ Bọ́lá dúró sí, mo sì gbọ́ ohun tó wí lábẹ́ ìmí: "Odò tó gbé afárá lọ, ṣé ó gbé ikùn ọ̀gá lọ ni? Ẹ wo bí ó ṣe yọ síwájú." Àwọn tó gbọ́ ọ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì nà wá.

Ìgbákọ méjì tí a ń gbà tẹ́lẹ̀ di ọ̀kan. Ọ̀kan di ààbọ̀. Àwọn ènìyàn máa ń sọ̀rọ̀ ebi bí ẹni pé ohun jẹ́ẹ́jẹ́ ni, ohun tó ń rọ ènìyàn sílẹ̀. Irọ́ ni. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ó rọ̀ wá. Láti ọ̀sẹ̀ kejì lọ, ó ń gbé ìjà fún wa. Àwọn ọ̀rẹ́ ń fa ara wọn nírun nítorí kóró máńgòrò. Ọmọbìnrin kan bu èkejì rẹ̀ jẹ ní apá lórí ìlà oúnjẹ, ẹ̀jẹ̀ dà. Sẹ́níọ̀ Bọ́lá fúnra rẹ̀, tó ti máa ń fún àwọn aláìsàn ní ìpín rẹ̀, gbá mi létí títí etí mi fi hó nítorí pé mo lu agogo ọ̀sán nígbà tí oúnjẹ kò tíì jinná. "O fẹ́ fi wá ṣe ẹlẹ́yà," ni ó wí. Mo ti lù ú ní àkókò tó yẹ gan-an.

Ní ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n bá gaàrí tí Títí, ọmọ kíláàsì wa, dì sínú ìbọ̀sẹ̀. Àwọn méjìlá ló fi ìgbànú nà án lábẹ́ máńgòrò. Gbogbo ilé-ìwé dúró wò ó. N kò mọ ohun tí mo lè ṣe, ni mo bá ń wo aago ọwọ́ mi: ìṣẹ́jú méje ni. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, kò lè ká ìka ọwọ́ rẹ̀ mọ́, nítorí pé ọwọ́ ni ó fi ń gba ẹgba náà. Wọ́n pín gaàrí rẹ̀, ó kan ẹnìkọ̀ọ̀kan ní ẹ̀kúnwọ́ ọmọ ọwọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Àṣàkẹ́ ṣì mú ewé rẹ̀ wá bá mi. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tó ìbú àtàǹpàkò. "Màámi kì í jẹ́ kí ó jó mọ́," ni ó ṣàlàyé. "Ó ń dúró ti ìkòkò, ó ń rò ó ṣáá. Ó ní bí ó bá jó, tiyín ló ń dínkù." Mo gbà á, mo jẹ ẹ́. N kò bi í léèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ jẹ.

Ọjọ́ Ẹtì ni ó ṣẹlẹ̀. Mo lu agogo. Ẹ̀wà ààbọ̀ ìgbákọ ni, omi rẹ̀ sì pọ̀ ju ẹ̀wà lọ. Sẹ́níọ̀ Bọ́lá wo inú àwo rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ó gbé ṣíbí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi lu etí àwo náà, díẹ̀díẹ̀, gán-ún, gán-ún. Ẹni tó jókòó tì í gbà á. Láìpẹ́, gbogbo gbọ̀ngàn ìjẹun ń dún bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Mo ti gbọ́ ariwo púpọ̀ láyé, n kò gbọ́ èyí tó bà mí lẹ́rù tó ìyẹn. Wọ́n dìde, wọ́n ń lu àwo lọ, wọ́n jáde síta, wọ́n sì kọjú sí kíṣìnì. Èmi náà wà láàárín wọn, àwo mi lọ́wọ́ mi.

Ìyá Kíṣìnì ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, abọ́ tánganran rẹ̀ wà lábẹ́ apá, Àṣàkẹ́ sì ń tẹ̀ lé e. A dí ọ̀nà mọ́ wọn.

"Kí ló wà nínú abọ́ yẹn, mà?" ni Sẹ́níọ̀ Bọ́lá bi í. Ó ṣì ń bọ̀wọ̀ fún un nígbà yẹn.

"Ìdí ìkòkò ni. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ, ẹ̀yin ọmọ mi."

"Ẹ ṣí i, kí a rí i."

"N kò ní ṣí i. Mo ti bí ọmọ tó jù ọ́ lọ."

Mo mọ ìdí tí kò fi fẹ́ ṣí i. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kéré débi pé ojú ń tì í. Ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa kì í ro irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń tì láti ẹ̀yìn. Ẹnìkan ké pé ẹran ni ó wà níbẹ̀. Ẹlòmíràn ní ìrẹsì ni, pé òun rí i bí ó ti ń dì í. Sẹ́níọ̀ Bọ́lá gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dákẹ́, ó sì yí sí mi.

"Alágogo. Ìwọ lò ń bá ọmọ rẹ̀ rìn. Kí ló máa ń wà nínú abọ́ náà?"

Mo wo Àṣàkẹ́. Ojú rẹ̀ balẹ̀. Ó mọ̀ pé mo mọ̀. Ó ń dúró kí n wí i kí ọ̀rọ̀ náà tán. Ìdí ìkòkò dúdú ni. Gbólóhùn kúkúrú ni, èyí tí òun ì bá fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n mo tún rí ohun tó máa tẹ̀ lé e: báwo ni o ṣe mọ̀, ìgbà wo lo jẹ ẹ́, kí ló dé tí o kò pín in. Mo rí ọwọ́ Títí. Mo rò ó dáadáa, bí mo ṣe máa ń ro gbogbo nǹkan. Mo la ẹnu díẹ̀, kí wọ́n má rí eyín mi.

"Mi ò mọ̀," ni mo wí.

Òkúta àkọ́kọ́ ba Ìyá Kíṣìnì ní èjìká. N kò rí ẹni tó jù ú, n kò sì ní purọ́ pé mo rí i. Abọ́ náà bọ́, ọmọrí rẹ̀ yí lọ, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì dà sínú iyanrìn: èèpá ẹ̀wà dúdú, kò kún àtẹ́lẹwọ́. Gbogbo wa rí i. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń kà á mọ̀ pé gbogbo wa rí i, ó sì yẹ kí ó parí níbẹ̀. Kò sí ẹni tó dúró. Wọ́n gba orí rẹ̀ kọjá wọ kíṣìnì. Wọ́n fi ọmọ odó fọ́ àmù omi, wọ́n fi fọ́ ilẹ̀kùn ilé ìkóhunsí, wọ́n bá àpò iyọ̀ kan àti àpò ẹ̀wà tí kò tó ìdajì, wọ́n sì jà lórí rẹ̀ títí ẹ̀wà fi fọ́n káàkiri ilẹ̀. Nígbà tí kò sí ohun tí wọ́n lè fọ́ mọ́, wọ́n padà sí ìyá náà. Wọ́n fi àwo lù ú. Wọ́n fi igi ìdáná lù ú. Mo gbọ́ bí egungun apá rẹ̀ ṣe kán. Ó dún bí igi gbígbẹ. Kò ké. Orúkọ wa ni ó ń pè, lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ó mọ gbogbo wa lórúkọ, ó sì rò pé bí ó bá pe ènìyàn lórúkọ, olúwarẹ̀ á jáwọ́.

Àṣàkẹ́ dùbúlẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lórí. Àwọn méjì sì gbé ìkòkò omi gbígbóná tí a fẹ́ fi fọ àwo. N kò gbà pé wọ́n fẹ́ dà á sí i lára. Mo rò pé wọ́n fẹ́ dojú rẹ̀ dé ni, bí wọ́n ti dojú ohun gbogbo dé. Ṣùgbọ́n ara Àṣàkẹ́ ni omi náà dà sí. Awọ bó láti èjìká rẹ̀ títí dé ìgunpá, mo sì rí i bí ó ti ń bó.

Ó ku ohun kan tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tí wọ́n wà nínú kíṣìnì, kí wọ́n tó padà jáde, èèpá ẹ̀wà náà wà nílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ mi. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ṣà á, mo sì jẹ ẹ́ tòun ti iyanrìn. Nígbà tí mo gbé orí sókè, Àṣàkẹ́ ń wò mí.

Àwọn ọlọ́pàá dé pẹ̀lú tajútajú àti kóńdó. Wọ́n lù wá láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnì dé ibi ìpéjọ, wọ́n lù wá níbi tí a tò sí, ọ̀gá àgbà sì wá fi kòbókò parí rẹ̀. Wọ́n dá wa padà sílé ní ọjọ́ kejì. Ẹsẹ̀ ni a fi rìn dé odò, a sì rí i pé lóòótọ́ ni afárá ti lọ. Òpó rẹ̀ méjì péré ló dúró láàárín omi. Sẹ́níọ̀ Bọ́lá wò wọ́n, ó jókòó sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Nígbà tí a padà wọlé lẹ́yìn oṣù kan, obìnrin mìíràn ló ń dáná. Ìyá Kíṣìnì ti kó lọ, ẹnikẹ́ni kò sọ ibi tó lọ fún wa. Àyè Àṣàkẹ́ lórí àga wa ṣófo títí di òpin ọdún. Nínú ìdánwò àṣejáde, mo yege nínú ìṣirò àti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fìdí rẹmi nínú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì. Ìdí tí mo fi ń jókòó ní kíláàsì àwọn àgbàlagbà ní Coolock lónìí nìyẹn.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, mo ka ohun tí mo kọ ní Gẹ̀ẹ́sì fún kíláàsì. Mo já gbólóhùn mi sí kúkúrú. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín, olùkọ́ kò sì fa ìlà sábẹ́ ohunkóhun. Noreen ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Níbo ni ọmọ náà wà báyìí, love?"

"Mi ò mọ̀," ni mo wí, mo sì gbọ́ ọ bí ó ti jáde lẹ́nu mi.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ti yí padà. Wọ́n sọ fún mi pé ilé-ìwé náà kì í gba ọmọ sínú ọgbà mọ́, pé máńgòrò kan ṣoṣo ló kù, pé agogo iná mànàmáná ni wọ́n ń lò. Ìkòkò tí mo fi ń se ìrẹsì ní Ballymun jẹ́ irú èyí tí nǹkan kì í lẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, mo máa ń jẹ́ kí ìrẹsì jó díẹ̀, mo máa ń ha á, mo sì máa ń bù ú sí àwo ara mi. Tẹ̀mi á ní, "Mum, that's burnt, throw it out." Mo máa ń sọ fún un pé kí ó jẹ́ kí n jẹ ẹ́. N kò sọ ìdí rẹ̀ fún un títí di ọ̀sẹ̀ yẹn. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó mú ṣíbí, ó sì jókòó tì mí. Ó tọ́ ọ wò. Ó ní, "Màámi, ó korò." Kì í sábà bá mi sọ Yorùbá.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ní ẹgbẹ́ kan lórí fóònù. A tó ọgọ́rùn-ún, a wà ní Ìbàdàn, ní Amẹ́ríkà, ní ìhín. Lọ́dọọdún, bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ nílé, ẹnìkan á kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ta ló rántí ọjọ́ tí a gba kíṣìnì?" Àwọn yòókù á dáhùn. Wọ́n á sọ bí ọlọ́pàá ṣe lé wọn wọ inú àgbàdo, ẹni tí bàtà rẹ̀ já, ẹni tó fi ìkòkò dé orí. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ọdọọdún ni èmi náà máa ń fi àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín sí i, mẹ́ta, bí gbogbo ènìyàn ti ń ṣe. Ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ Àṣàkẹ́. Kò sí nínú ẹgbẹ́ náà, nítorí pé kò jáde ní ilé-ìwé náà.

Mo fi ìwé mi ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ náà ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, ní èdè wa, láìyọ ohunkóhun kúrò, ìṣẹ́jú méje Títí wà níbẹ̀, èèpá inú iyanrìn sì wà níbẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo bẹ ẹni tó bá mọ ibi tí Àṣàkẹ́ wà kí ó sọ fún mi. Mo rí i pé wọ́n ń kà á: ogún ènìyàn, ogójì, àádọ́rin. Ẹnikẹ́ni kò kọ ohunkóhun. Ní ìrọ̀lẹ́, Sẹ́níọ̀ Bọ́lá, tó ti di ìyá àgbà báyìí, kọ̀wé sí èmi nìkan.

"A bi ọ́ léèrè," ni ó kọ. "O ní o ò mọ̀."

Mo dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nílé báyìí, oṣù méjì sì ti kọjá lórí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kọ nípa ọjọ́ kíṣìnì sínú ẹgbẹ́ wa mọ́.